Kí Excel Lè Kọ "Mẹ́tàdínláàádọ́ta"

Ní Ìwó, láti àyíká ọjà Odò Orí títí dé ẹ̀bá Yunifásítì Bowen, Word àti Excel ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá aráàlú tẹ̀wé fi ń jẹun. Ìwé ìpè ìgbéyàwó ni, ìbéèrè ìdánwò ni, àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni. Àṣetúnṣe ló ń tán wọn lókun. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ní ọgọ́ta ọmọ ẹgbẹ́ ní láti kọ iye tí oníkálukú san ní nọ́ńbà, kó sì tún fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì. Ìdí wà tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òdo kan ṣoṣo ni oníjìbìtì máa fi kún 5,000 tí yóò fi di 50,000, ṣùgbọ́n kò lè sọ "ẹgbẹ̀rún márùn-ún" di "ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta" kó má hàn.

Kí akọ̀wé náà tó dé orí ẹni ogójì, iṣẹ́ á ti sú u, àṣìṣe á sì ti wọlé.

Bẹ́ẹ̀ Excel lè bá a ṣe é. Inú Excel gan-an ni iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ BAHTTEXT. Nọ́ńbà tí èèyàn bá fún un, yóò fi èdè Thai kọ ọ́ jáde lọ́rọ̀, yóò sì fi orúkọ owó ilẹ̀ Thailand tì í lẹ́yìn. Wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́ Excel fún Yorùbá. Wọn ò tilẹ̀ ṣe é fún Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ àwọn tó ṣe Excel fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi tirẹ̀ kún un, àyè yẹn sì ni ó yẹ kí àwọn ọmọ Yorùbá tó gbọ́ kọ̀ǹpútà máa lò ju bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ.

Láti ọdún 1993 tí Excel 5 jáde ni VBA ti wà nínú rẹ̀, èyíinì ni èdè tí èèyàn fi ń pàṣẹ fún Excel. Ẹni tó bá tẹ Alt àti F11 pa pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà Windows yóò rí ojú ewé tí wọ́n ti ń kọ ọ́. Bó bá kọ iṣẹ́ tuntun tán, yóò fi fáìlì náà pamọ́ ní irú èyí tí orúkọ rẹ̀ ń parí sí .xlam. Ẹnikẹ́ni tó bá gba fáìlì yẹn, tó sì fi í sínú Excel tirẹ̀, yóò máa lo iṣẹ́ tuntun náà nínú gbogbo ìwé tó bá ṣí, àfi bí ẹni pé Microsoft ló ṣe é. Ohun tí wọ́n ń pè ní add-in nìyẹn. Nígbà tí Office 2013 dé, irú mìíràn tún bá a dé, tí wọ́n ń fi JavaScript kọ. Google ní Apps Script fún Sheets tirẹ̀, LibreOffice tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ sì gba irú àfikún bẹ́ẹ̀.

Ti Gẹ̀ẹ́sì kò le. Microsoft fúnra wọn gbé àpẹẹrẹ kan jáde tí wọ́n pè ní SpellNumber, tó ń kọ owó lọ́rọ̀ pẹ̀lú Dollars àti Cents. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó nílé wa kò ní ju kó fi Naira rọ́pò Dollars, kó sì fi Kobo rọ́pò Cents.

Ti Yorùbá ló dùn ún ṣe. Ọmọ Yorùbá kì í ka 47 gẹ́gẹ́ bí ogójì àti méje. Àádọ́ta ló máa mú, á yọ mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀, ó di mẹ́tàdínláàádọ́ta. Àádọ́ta yẹn fúnra rẹ̀, ọgọ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n 43, ogójì la fi mẹ́ta lé, ó di mẹ́tàlélógójì. Ìlà kan ní VBA tó láti bẹ̀rẹ̀:

eyo = n Mod 10

Ìlà yìí ń béèrè iye tó ṣẹ́kù bí a bá fi mẹ́wàá pín nọ́ńbà náà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan sí mẹ́rin ló ṣẹ́kù, kí kọ̀ǹpútà mú ẹ̀wá tó wà lẹ́yìn, kó fi "lé" so wọ́n pọ̀. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún sí mẹ́sàn-án, kó mú ẹ̀wá tó wà níwájú, kó wo iye tó kù kó tó dé ibẹ̀, kó fi "dín" so wọ́n. Ó wá ku àwọn tí kò tẹ̀ lé òfin: mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àwọn wọ̀nyí, èèyàn ní láti kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àwọn ẹ̀wá náà tún ń yí ohùn padà bó bá wọnú ọ̀rọ̀ mìíràn: ọgbọ̀n di "lọ́gbọ̀n", àádọ́rin di "láàádọ́rin". Ó sàn kí olùkọ̀wé náà to gbogbo wọn sílẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ju kó máa retí pé kọ̀ǹpútà yóò mọ̀ ọ́n pè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni àmì. Ojú ewé VBA kò mọ ẹ àti ọ. Bí èèyàn bá lẹ "mẹ́ta" mọ́ ibẹ̀, àmì ìbéèrè ni yóò rí níbi tí ẹ yẹ kó wà. Ọ̀nà kan ni kí èèyàn fi nọ́ńbà pe lẹ́tà náà: ChrW(7865) ni ẹ, ChrW(7885) ni ọ, ChrW(769) sì ni àmì ohùn òkè tí yóò gùn ún lórí. Iṣẹ́ ńlá ni fún ẹni tó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kó tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sí ojú ìwé Excel tó fara pamọ́ sínú add-in fúnra rẹ̀, kí VBA máa lọ kà á níbẹ̀. JavaScript àti Apps Script kò ní wàhálà yìí. Wọ́n ń gba àmì Yorùbá bó ṣe rí.

Iṣẹ́ lórí èdè Yorùbá àti nọ́ńbà rẹ̀ kì í ṣe tuntun, kò sì jìnnà sí Ìwó. Yunifásítì Bowen ń jẹ́ orúkọ Thomas Jefferson Bowen, ajíhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, tí Smithsonian tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1858. Ní 2014, ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà, Olúgbénga Akinadé àti Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí gbé ìwádìí jáde nínú Journal of Language Modelling lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè sọ nọ́ńbà di ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ kọ add-in yìí kò bẹ̀rẹ̀ láti òfo; àwọn tó ṣáájú ti la ọ̀nà.

Kí ó ṣọ́ra, ṣá. Àṣẹ tó lè kọ nọ́ńbà lè ba nǹkan jẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1999, kòkòrò Melissa gba inú fáìlì Word wọ kọ̀ǹpútà, ó sì ń fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí àádọ́ta èèyàn àkọ́kọ́ nínú ìwé àdírẹ́sì ẹni tó bá ṣí i. Ìdí nìyí tí Microsoft fi bẹ̀rẹ̀ sí í dí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ní 2022 nínú fáìlì tó bá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá. Kí èèyàn má tú ìdènà yẹn fún fáìlì tí kò mọ ẹni tó ṣe é. VBA kò sì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Apps Script ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ Google, kò sì wúlò fún ẹni tí dátà rẹ̀ ti tán, nígbà tí .xlam kò bìkítà fún íntánẹ́ẹ̀tì.

Ó ku ìpinnu kan tí kọ̀ǹpútà ò lè bá èèyàn ṣe. Lónìí, "ẹgbẹ̀rún márùn-ún" la ń pe 5,000. Lójú ìṣirò àwọn baba wa, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta ni, ìyẹn ẹgbàáta tí a yọ ẹgbẹ̀rún kan kúrò nínú rẹ̀. Rìsíìtì ẹgbẹ́ nílò èyí tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa kà láìdúró. Ìwé ìdánwò Yorùbá nílò èkejì. Kí add-in náà mú méjèèjì dání; bí a bá pe iṣẹ́ tuntun náà ní OWO, kó jẹ́ =OWO(5000) fún rìsíìtì, =OWO(5000,2) fún olùkọ́ Yorùbá.