Igi inú "Tírà": Àwòrán Paul Sérusier ti 1888

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí àwòrán kékeré tí àwọn Faransé ń pè ní Le Talisman, èyíinì ni Tírà, lè bèèrè pé níbo ni igi wà nínú rẹ̀. Pákó kan ni, tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 27, tí ó sì fẹ̀ ní 21.5. Àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró àti àwọ̀ ọsàn ni ó kún ojú rẹ̀. Kò sí ewé kan tí a yà ní ẹyọ. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹjú mọ́ ọn, a ó rí igi tí ó tò sí ẹ̀bá odò, ilé ọlọ, ọ̀nà tóóró, àti òjìji igi nínú omi.

Ní oṣù kẹwàá 1888 ni Paul Sérusier, ẹni ọdún 23, yà á ní Pont-Aven ní ilẹ̀ Faransé, nínú igbó Bois d'Amour. Paul Gauguin ni ó ń tọ́ ọ sọ́nà. Maurice Denis ròyìn ìmọ̀ràn rẹ̀: bí igi bá ní àwọ̀ ewé lójú Sérusier, kí ó fi àwọ̀ ewé tí ó dára jù lọ kùn ún, bí òjìji bá jọ aró, kí ó má bẹ̀rù láti sọ ọ́ di aró pátápátá.

Ìmọ̀ràn yìí kò sọ pé kí ayàwòrán parọ́ mọ́ igi. Ohun tí ojú rí ni ìbẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ ni a mú dé òpin agbára rẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé àwòrán lè dàrú. Ohun tí ó gba èyí là ni ètò: igi àti òjìji wọn dúró ṣánṣán, etí odò sì là wọ́n kọjá.

Nígbà tí Sérusier padà sí Paris, ó fi í han Denis, Bonnard àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Wọ́n pe ara wọn ní Nabis, ọ̀rọ̀ Hébérù fún wòlíì, tí ó bá Ànábì ẹnu àwọn Mùsùlùmí wa tan. Ní 1890, Denis kọ ọ́ pé àwọ̀ tí a tò létòlétò ni ìpìlẹ̀ àwòrán gbogbo.

Pákó náà wà ní Musée d'Orsay ní Paris. Orúkọ rẹ̀ yẹ ẹ́. Iyì tírà kò sí lára awọ tí a fi rán an, bí kò ṣe nínú ohun tí a kọ sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ṣe wo igi Sérusier.