Ẹ Jẹ́ Kí Ètò Ìgbafẹ́ Ìkógòsì Bẹ̀rẹ̀ Láti Orí Òkè

   

Nígbà tí àwọn baba wa bá fẹ́ tẹ ìlú dó, ọ̀rọ̀ omi wà lára ohun tí wọ́n máa ń gbé tọ Ifá lọ. Ṣé ó ń ṣàn tẹ̀ẹ̀rùn tòjò? Ta ni ó ni ín? Kí ni èèwọ̀ rẹ̀? Ìbéèrè wọ̀nyí ni a rò pé ó yẹ kí ó ṣáájú lónìí pẹ̀lú, bí a bá fẹ́ sọ ìlú kékeré tí Elédùà fi omi gbígbóná jíǹkí di ibi tí àlejò yóò máa wọ́ lọ. Ìkógòsì-Èkìtì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Agbègbè Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì ni Ìkógòsì wà, ní àfonífojì láàárín òkè àti igbó. Omi méjì ni ó ń sun níbẹ̀, ọ̀kan gbóná, èkejì tutù. Wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọn yóò fi pàdé, ẹni tí ó bá sì ti ẹsẹ̀ kan bọ ìhín, tí ó ti èkejì bọ ọ̀hún, kò nílò olùkọ́ mọ́. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní ìlú náà ni pé ìyàwó méjì tí ó fẹ́ ọkọ kan ni wọ́n, ọ̀kan onínúfùfù, èkejì oníwàtútù. Ní àwọn ọdún 1950, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, kọ́ àgọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjọba sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́, wọ́n sì ń rọ omi rẹ̀ sínú ìgò tà ní orúkọ Gossy. Ìjọba kan a tún ibẹ̀ ṣe, òmíràn a dé, koríko a tún hù.

Ọ̀pọ̀ àlejò a máa rò pé iná kan ń jó lábẹ́ ìlú náà. Kò sí òkè ayọnáyèéfín ní Èkìtì. Àlàyé àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta ni pé omi òjò tí ó rọ̀ sórí òkè ni ó ń gba ojú ẹ̀là àpáta wọlẹ̀ lọ jìnnà. Bí ilẹ̀ ṣe ń jìn sí i ni ó ń gbóná sí i. Omi náà yóò gba ooru ilẹ̀ sára, yóò sì gba ojú ẹ̀là mìíràn jáde padà ní ẹsẹ̀ òkè. Nígbà tí ó bá fi kàn wá lára, ooru rẹ̀ kò jìnnà sí ti ara ènìyàn, ìyẹn nǹkan bí ìwọ̀n 37. Orí òkè, nígbà náà, ni ilé omi yìí. Àfonífojì tí a ti ń ya fọ́tò jẹ́ ẹnu ọ̀nà lásán.

Ohun tí ó ti inú èyí jáde wúwo. Bí a bá pa igbó orí òkè run, òjò yóò sáré kọjá lórí ilẹ̀ dípò kí ó wọlẹ̀. Bí a bá gbẹ́ ṣalángá sójú ẹ̀là àpáta, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò mọ ọ̀nà tí omi mọ̀. Bí onílé ìtura mẹ́wàá bá sì gbẹ́ kànga ẹ̀rọ yí orísun ká, kí omi gbígbóná lè máa yọ nínú yàrá àlejò, inú agbada kan náà ni gbogbo wọn yóò ti máa bù. Síbẹ̀, yàrá àlejò, gbọ̀ngàn ìpàdé àti ibi ìgbọ́kọ̀sí ni a máa ń kọ́kọ́ yà sórí ìwé.

Òṣogbo kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́ dùn-ún gbọ́. Igbó Ọ̀ṣun, tí ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, ṣẹ́kù títí di òní nítorí pé èèwọ̀ ni kí á dẹ ọdẹ, kí á pẹja tàbí kí á gé igi níbẹ̀, àti nítorí pé àwọn olùbọ pẹ̀lú Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, dúró gbọn-in níwájú àwọn tí ó fẹ́ jẹ ilẹ̀ náà. Ìjọba àpapọ̀ dáàbò bo apá kan rẹ̀ ní 1965. Àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Èèwọ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tí òfin wá ṣe lẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ kejì korò: igbó wà, ère wà, Arugbá ń jáde lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n omi Ọ̀ṣun ti pọ́n láti òkè odò, níbi tí àwọn kan ti ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. A ṣọ́ ojúbọ, a kò ṣọ́ ibi tí omi rẹ̀ ń gbà bọ̀.

Omi gbígbóná tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ní ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, omi tí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 46 ń sun. Àwọn ará Róòmù bá òrìṣà omi kan níbẹ̀, Sulis, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe ìlú náà. Àwọn olùbọ a máa ju owó sínú omi, wọn a sì máa kọ ẹjọ́ olè tí ó jà wọ́n sára òjé pẹlẹbẹ, kí òrìṣà lè bá wọn mú un. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa mọ́ pé àwa nìkan ni a ń bá omi sọ̀rọ̀.) Ní 1978, ọmọbìnrin kan tí ó lúwẹ̀ẹ́ nínú omi náà kú, kòkòrò àìfojúrí tí ó fẹ́ràn omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni ó wọ ọpọlọ rẹ̀. Wọ́n dá ìwẹ̀ dúró. Ó di 2006 kí ilé ìwẹ̀ tuntun tó ṣí fún ará ìlú. Àlejò lè wo adágún àtijọ́ títí di òní, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí yóò pe ayé wá wẹ̀ ní Ìkógòsì gbọ́dọ̀ máa yẹ omi wò déédéé, kí ó sì fi àbájáde rẹ̀ hàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni omi. Bí wọ́n bá mọ odi, tí wọ́n gbé géètì sí i, tí wọ́n ń gba owó ìwọlé, ìyá àgbà tí ó ti ń bu omi níbẹ̀ láti kékeré ńkọ́? Olùbọ tí ó gbé obì dání ńkọ́? A rò pé ó yẹ kí ètò náà dárúkọ wọn lórí ìwé, kí ó ya ọ̀nà àti àkókò sọ́tọ̀ fún wọn láìgba kọ́bọ̀, kí ó sì sọ iye tí ìlú yóò máa gbà nínú owó ìwọlé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí àdéhùn. Ní ti pé kí àlejò dé Ìkógòsì, kí ó tún yà sí ìtàkùn omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò àti Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, ìyẹn rọrùn. Ọ̀nà ọkọ̀ tí ó dára ni ó kù.

Ohun kan wà tí kò ní láti dúró de ìjọba. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé omi ń dín kù tàbí pé ó ń tutù, bí a kò bá mọ bí ó ṣe rí lónìí. Tẹmómítà kan, korobá kan tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀, aago, àti ìwé àkọsílẹ̀ ti tó. Kí ọmọ ilé-ìwé méjì tí ó jẹ́ ọmọ ìlú náà máa wọn ooru omi méjèèjì àti bí korobá ṣe ń yá kún tó, ní àárọ̀ ọjọ́ Awo kọ̀ọ̀kan, kí a tó já ewéko kan lórí òkè náà.