Onísólà Tó Mọṣẹ́, Ìṣirò Ló Fi Ń Bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé ìjọba kò ní san owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, owó lítà kan ti kọjá 480 náírà. Ọ̀pọ̀ ilé tí jẹnẹrétọ̀ ń dún níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló wá ń béèrè onísólà.

Òfin iná mànàmáná tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún yẹn kan náà kò ní kí onílé gba ìwé àṣẹ kó tó pèsè iná tiẹ̀, tí kò bá ti ju mẹ́gáwáàtì kan lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà iṣẹ́ náà: ẹni tó ń ta páńẹ́lì láàárọ̀ lè pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà kílẹ̀ tó ṣú. Àjọ ìjọba tó ń jẹ́ NEMSA máa ń dán àwọn oníwáyà wò, ó sì ń fún wọn níwèé ẹ̀rí. Ẹ béèrè rẹ̀.

Onísólà gidi kì í kọ́kọ́ dárúkọ owó. Ìwé àti bíírò ló máa mú jáde. Gílóòbù márùn-ún oníwáàtì 9, wákàtí márùn-ún: wáàtì-wákàtí 225. Fáànù oníwáàtì 60, wákàtí mẹ́jọ: 480. Tẹlifíṣàn oníwáàtì 60, wákàtí márùn-ún: 300. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wáàtì-wákàtí 1,005 lójúmọ́. Bátìrì olómi tó jẹ́ fóòtì 12 àti ámpìà-wákàtí 200 ń gba wáàtì-wákàtí 2,400, ṣùgbọ́n bí a bá ń lò ó kọjá ìdajì, kíá ló máa kú. 1,200 ló ṣeé ná, ìnfátà á sì tún jẹ lára rẹ̀. Ó tó, àmọ́ kò sí àyè fún áyọ́ọ̀nù. A lè lo bátìrì lítíọ́ọ̀mù dé ìdá 80 nínú 100, ó sì ń pẹ́ ju bátìrì olómi lọ. Ìdí tó fi wọ́n nìyẹn.

Lórí òrùlé, páńẹ́lì oníwáàtì 200 méjì á gbé ilé yìí nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù Keje àti Kẹjọ ni oòrùn máa ń ṣọ̀wọ́n jù lọ́dọ̀ wa, mẹ́ta ló yẹ kó jẹ́ nígbà náà. Ẹni tó bá fi oòrùn oṣù Kejì ṣe ìṣirò, àwọn ará ilé ló máa jókòó sínú òkùnkùn. Gúúsù ni kí páńẹ́lì kọjú sí, kó sì dagun díẹ̀ kí òjò lè fọ eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀. Òjìji ẹ̀ka máńgòrò kan péré lè dín agbára rẹ̀ kù gan-an.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa ni àárín bátìrì àti ìnfátà. Bí ìnfátà bá ń gbé 1,000 wáàtì láti ara bátìrì fóòtì 12, ó ju ámpìà 80 lọ tó ń gba inú waya yẹn kọjá. Kó nípọn, kó kúrú, kí fíúùsì sì wà lórí rẹ̀ nítòsí bátìrì. Àìsí fíúùsì yẹn lè sun ilé.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kó kọ ìṣirò náà sílẹ̀ fún yín, kó sì fi ibi tí fíúùsì wà hàn yín. Tí kò bá lè ṣe é, ẹ wá ẹlòmíràn.