Ohun Tó Ń Mú Omi Ògì Tòrò Mọ́jú

Bí ìyá ẹlẹ́kọ bá sẹ́ ògì tán lálẹ́, tó kó èérí dànù, omi inú abọ́ á funfun báláú. Ó dé e, ó lọ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, omidùn ti wà lókè, ó tòrò, ògì sì ti dì mọ́ ìsàlẹ̀. Fi ìka gún un kíá, á le bí amọ̀. Rọra tì í, ìka á wọlé. Iyọ̀ kò jẹ́ dì mọ́ ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tó bá ti yọ́ sómi, kò ní í padà wálẹ̀.

Ògì kì í yọ́ nínú omi tútù. Omi kàn gbé e rù ni. Horo rẹ̀ kéré débi pé nǹkan bíi 65 la máa tò kó tó gùn tó mìlímítà 1, ó sì fi ìdajì wúwo ju omi lọ, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ rì.

George Gabriel Stokes, ọmọ Ireland tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Cambridge, ló ṣírò bí irú horo bẹ́ẹ̀ ṣe ń rì, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló ń wá. Ohun tí wọ́n so rọ̀ tó ń fì síwá sẹ́yìn, bíi ti aago ara ògiri, ló gbà á lọ́kàn: báwo ni afẹ́fẹ́ ṣe ń dá a dúró tó? Ìwé tó gbé jáde ní 1851 lórí ọ̀rọ̀ yìí ló tún fi ṣàlàyé ohun tí kì í jẹ́ kí ìkùukùu já bọ́. Ìṣirò rẹ̀ fi hàn pé bí horo kan bá fẹ̀ ní ìlọ́po 3 ju èkejì lọ, ìlọ́po 9 ni yóò fi yára jù ú lọ.

Ẹ fi èyí wo abọ́ tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 20. Horo ńlá á wálẹ̀ láàárín wákàtí kan. Èyí tó kéré sí i ní ìlọ́po 3 á lò tó wákàtí 9, ìyẹn òru kan gbáko. Àwọn ìyá wa ti mọ òru yẹn kí Stokes tó mú gègé, ó sì yẹ ká kà á sí ìmọ̀ fún wọn.

Iná ló ń yí ògì padà. Bí omi bá gbóná tó nǹkan bíi 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, horo ògì á mu omi, á wú, á bẹ́, gbogbo rẹ̀ á sì ki. Ó ti di ẹ̀kọ nìyẹn, tí wọ́n lè pọ́n sínú ewé eéran.