Ẹ Ṣọ́ra fún Ààrò Inú Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́, bí òjò bá dé, ẹ má ṣe gbé ààrò wọ abẹ́ ìbòrí ọkọ̀. Bí èéfín igi tilẹ̀ tán, ẹyin iná ṣì ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde, tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì rí. Ẹ̀fọ́rí, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀. Ẹni tí ó bá sùn tì í lè má jí mọ́. Bí ó bá mú ẹnìkan, ẹ tètè gbé e síta, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìta gbangba ni kí ẹ ti máa dáná. Bí òjò kò bá dá, ẹ mu gàárì: gàárì Ìjẹ̀bú kò béèrè iná.