Ẹ Má Fi Ẹ̀rọ Ìgbọ́ràn Bàbá Sílẹ̀ Nílé Lọ́jọ́ Ojúde Ọba

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn lónìí ti ọ̀dọ̀ obìnrin kan wá, ní ọ̀nà Ìbàdàn nínú ìlú Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín. Ó ní bàbá òun, ẹni ọdún 74, gba ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí etí méjèèjì ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni bàbá ti ń bá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ, kò sì sí ẹni tí ń pariwo nínú ilé mọ́. Ṣùgbọ́n Ojúde Ọba ń bọ̀, bàbá ti ra aṣọ ẹgbẹ́, ó ní dandan ni kí òun bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ òun jó lọ síwájú ààfin. Àwọn ọmọ wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yọ ẹ̀rọ náà sínú dúrọ́ọ̀ kí ó tó jáde, kí ó má baà sọnù. Bàbá kọ̀. Ta ni ó jàre?

Bàbá ni ó jàre. Kí n sì tó sọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan: èmi tí mo ń kọ ìwé yìí, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wà ní etí mi ọ̀tún àti òsì, mo sì ti sọ ọ̀kan nù ní Ojúde Ọba rí.

Ọdún 2022 ni. Ẹ ó rántí pé àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí a ṣe é ní 2020 àti 2021, nítorí náà nígbà tí ó tún padà dé, ńṣe ni gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú tú jáde bí ẹni tí a tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Mo wọ agbádá, mo dé fìlà abetí-ajá, mo fi awò dúdú lé e. Nígbà tó yá, ooru mú, òógùn bò mí, mo ní kí n bọ́ agbádá kí n gbé e kọ́ apá. Bí mo ti fa aṣọ náà gba orí kọjá, ó gbé fìlà, ó gbé awò, ó sì gbé ẹ̀rọ etí òsì lọ pẹ̀lú wọn. Fìlà àti awò ni mo bẹ̀rẹ̀ mú nílẹ̀. N kò mọ̀ pé ẹ̀kẹta wà níbẹ̀. Mo kàn rò pé àwọn onílù ti rọ ọwọ́ ni. Ó tó bí ogún ìṣẹ́jú kí n tó fọwọ́ kan etí mi, nígbà tí mo sì padà sí ibẹ̀, ẹsẹ̀ ènìyàn àti pátákò ẹṣin ti gba orí ilẹ̀ náà kọjá. Owó tí mo fi ra ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn ju owó ìfẹ̀yìntì mi ti oṣù mẹ́ta lọ. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń yí ọrùn sí ènìyàn bí adìyẹ tí ń wo àṣá kí n tó rí òmíràn rà.

Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ó ń dùn mí jù. Láàárín ogún ìṣẹ́jú yẹn, ẹṣin kan yọ láti apá òsì mi. Àwọn ènìyàn ń ké pé, “Ẹ yà o! Ẹ yà fún ẹṣin!” N kò gbọ́. Ọmọdékùnrin kan tí n kò mọ̀ rí ni ó fa ẹ̀wù mi sẹ́yìn, tí ìrù ẹṣin náà sì gbá mi lójú. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé bàbá ni ó jàre. Ẹ̀rọ tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀ kò lè sọnù lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàbá tí kò gbọ́ràn láàárín ẹṣin àti èrò lè fara pa.

Fún àwọn òǹkàwé wa tí wọn kì í ṣe ará ibí, Ojúde Ọba ni ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí lọ́kùnrin lóbìnrin, ń lọ kí Awùjalẹ̀ níwájú ààfin. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba tí ó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Àwọn ọmọ ilé Balógun a máa gun ẹṣin wá, ìlù a máa dún, wọn a sì máa yìnbọn sókè. Ariwo, eruku, òógùn, òjò, aṣọ ńlá, ìfarakínra: gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kò fẹ́ ni ó péjọ sí ojú kan lọ́jọ́ yẹn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí obìnrin yìí wá fún bàbá rẹ̀ ni okùn. Àwọn tí ń ta ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ní okùn tín-ín-rín kan, tí a ń fi òrùka rọ́bà kékeré kọ́ ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, tí ìdí rẹ̀ sì ní ohun tí a fi ń há a mọ́ ọrùn ẹ̀wù lẹ́yìn. Àwọn ọmọdé ni a sábà ń fún, ojú sì máa ń ti àgbàlagbà láti lò ó. Kí ojú má ti bàbá. Bí ẹ̀rọ bá já bọ́ létí, yóò rọ̀ sí ẹ̀yìn ẹ̀wù, kò ní dé ilẹ̀. Ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ tàbí bùbá ni kí a há a mọ́, kì í ṣe agbádá, nítorí agbádá ni a máa bọ́. Bí ẹ kò bá rí irú okùn yìí rà, ẹ lọ bá ẹni tí ó fi ẹ̀rọ sí i létí kí ó bá yín wá a. Ẹ má ṣe fi òwú ìránṣọ so ó fúnra yín, nítorí òwú lè tẹ ọ̀pá rọ́bà tí ohùn ń gbà wọ inú etí pa, tàbí kí ó já a.

Lẹ́yìn náà, ètò ìwọṣọ. Aṣọ ni a kọ́kọ́ ń wọ̀, ẹ̀rọ ni a ń fi kẹ́yìn. Bí a bá ń bọ́ra, ẹ̀rọ ni a kọ́kọ́ ń yọ. Èyí nìkan ni ìbá gbà mí ní 2022. Lọ́fínńdà, páúdà àti òróró irun pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ti gbẹ kí ẹ̀rọ tó dé etí, torí wọ́n máa ń dí ihò tóótóó tí ẹ̀rọ fi ń gba ohùn. Ní ti awò dúdú, mo mọ̀ pé láti ìgbà tí àwòrán ọkùnrin kan lórí ẹṣin ti gba ayé kan ní 2024, kò sí ẹni tí ó fẹ́ jáde láìsí i. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ awò àti ẹ̀rọ jọ ń du ẹ̀yìn etí kan náà ni, nítorí náà ẹ wọ awò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì yọ ọ́ síwájú tààrà. Fìlà abetí-ajá ní tirẹ̀, ẹ ká etí rẹ̀ sókè. Bí ó bá bo ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ yóò máa fọn bí fèrè, bàbá yóò sì bínú yọ ọ́ sọ sí àpò, ibẹ̀ ni yóò ti sọnù. Bákan náà ni gèlè fún àwọn ìyá wa. Ẹ wé e sí òkè etí, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ó lọ láti ẹ̀yìn etí láì tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ má sì ṣe tú u láàárín èrò.

Ọ̀rọ̀ omi kò kéré. Iléyá ń sún síwájú ní nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dọọdún. Ní 2024, oṣù Kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni 2025, ìgbà tí òjò Ìjẹ̀bú kì í fún ni ní ìwé ìkìlọ̀. Ẹ jẹ́ kí bàbá ní àpótí kékeré líle kan tí ó ń pa dé dáadáa, kí ẹ fi àpò tóótóó tí ń fa ọ̀rinrin sí inú rẹ̀, irú èyí tí a máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun. Bí òjò bá dé lójijì, inú rẹ̀ ni kí ẹ̀rọ wọ̀, kì í ṣe inú ọ̀rá tàbí ìṣọ̀bì. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí ara àpótí náà. Bí ẹ̀rọ bá rin, ẹ ṣí ìlẹ̀kùn bátìrì rẹ̀, ẹ yọ bátìrì, ẹ nù ún, kí ẹ fi sílẹ̀ pẹ̀lú àpò náà di ọjọ́ kejì. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má gbé e sítòsí iná, ẹ má sì lo ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun. Ẹni tí ó ní kí a rì í sínú ìrẹsì gbọ́ ti fóònù ni. Eruku ìrẹsì a máa wọ inú ẹ̀rọ kékeré báyìí.

Bátìrì rẹ̀ kéré bí bọ́tìnnì, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń mú kí ó ṣiṣẹ́. Bí a bá ti ṣí lẹ́bẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ tí ó wà lójú rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó nìyẹn, à báà lò ó, à báà má lò ó, kí a sì lẹ lẹ́bẹ́ẹ̀lì náà padà kò ṣe àǹfààní. Nítorí náà ẹ mú èyí tí a kò tíì ṣí dání. Ẹ jìnnà rẹ̀ sí kọ́kọ́rọ́ àti irin nínú àpò. Ẹ sì jọ̀wọ́, bàbá tí ó bá ń pààrọ̀ bátìrì ní òde kò gbọdọ̀ ju ti àtijọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gbé e fún ọmọ-ọmọ mú dání. Bí ọmọdé bá gbé bátìrì bọ́tìnnì mì, tàbí tí ó kì í bọ imú tàbí etí, ó lè jó ẹran ara láàárín wákàtí méjì. Ilé ìwòsàn ni kíá, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe pé kí a máa retí pé yóò yà á.

Ní ti ìbọn, ẹ̀rọ òde òní ní ìwọ̀n tí ohùn rẹ̀ kì í kọjá, ṣùgbọ́n ìró ìbọn fúnra rẹ̀ lè ba etí jẹ́, ti ẹni tí ń gbọ́ àti ti ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Kí bàbá má dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ń yìnbọn. Bí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ bá tẹ̀lé wọn tímọ́tímọ́, kí ó yọ ẹ̀rọ sínú àpótí, kí ó fi ìdíwọ̀ etí gidi sí i, kí ọmọ rẹ̀ kan sì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọn yóò fi kọjá. Ìgbà yẹn nìkan ni mo fọwọ́ sí i pé kí ó bọ́ ọ.

Àwọn kan nínú yín a máa kó ọmọ lọ sí ọgbà eré lẹ́yìn ọdún, bí irú Hi-Impact Planet ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn. Ọmọ tí ó ń lo ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ gbé e gun ohun tí ń yí ni po tàbí tí ń já ṣòòròṣò. Ẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé òfin eré náà fún un, kí ó gbọ́ ọ yé, kí ẹ tó yọ ẹ̀rọ náà fún ẹni tí kò ní gùn. Àwọn tí a ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí mágínẹ́ẹ̀tì sì ń mú apá kan ẹ̀rọ wọn mọ́ ara orí, tiwọn tètè ń bọ́ jù.

Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ fi fóònù ya àwòrán ẹ̀rọ náà àti nọ́ńbà tí a tẹ̀ sí i lára. Àwọn ẹ̀rọ kan tí ó ń bá fóònù ṣiṣẹ́ lè fi ibi tí wọ́n ti já kúrò lára rẹ̀ kẹ́yìn hàn yín. Ẹ béèrè bóyá ti bàbá wà lára wọn. Bí ó bá sì fọn, tí ó dákẹ́, tàbí tí etí ń dun bàbá lẹ́yìn ọdún, ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ní Ṣàgámù, ó sì wà ní UCH ní Ìbàdàn pẹ̀lú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2021 pé ó lé ní 430 mílíọ̀nù ènìyàn ní ayé tí etí wọn ń fẹ́ irú ìtọ́jú báyìí, nítorí náà bàbá kò dá wà.

Kí ẹ bá mi kí i. Bí ó bá sì rí àgbàlagbà kan tí okùn pupa rọ̀ sí lẹ́yìn ọrùn lábẹ́ fìlà, tí ń jó lọ lápá ọ̀tún ọ̀nà, kí ó pè mí. N ó gbọ́.