Bí Ìwà Àgbà Bá Ń Yí Padà, Ẹ Má Pè É Ní Èpè

Ẹ̀yin ará Mòwé, Ìbàfò àti Ìfọ̀, bí ọmọlúwàbí ẹni àádọ́ta ọdún bá ń sọ ìsọkúsọ láwùjọ, tí ojú kò tì í, tí àánú aya àti ọmọ kò ṣe é mọ́, ẹ má tètè dárúkọ àjẹ́. Ó lè jẹ́ ọpọlọ ló ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Arnold Pick, dókítà ìlú Prague, kọ̀wé lórí irú rẹ̀ ní 1892. Iwájú ọpọlọ, tí í kó wa níjàánu, àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibùdó ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ni í máa gbẹ. Èròjà tau tàbí TDP-43 ni ó sábà máa ń dì síbẹ̀.

Ṣé à ń jogún rẹ̀? Ọ̀pọ̀ aláìsàn kò jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìdílé mìíràn, àbùkù jíìnì ló fà á: MAPT tí a rí ní 1998, GRN ní 2006, C9orf72 ní 2011. Bí òbí kan bá ní in, ìdajì-ìdajì ni ìpín ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó, ṣùgbọ́n àìsàn mìíràn tó ṣeé wò lè fara jọ ọ́. Nítorí náà, ẹ gbé e lọ sí Àró, l'Ábẹ́òkúta, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ máa ṣọ́ owó rẹ̀. Ẹ má lù ú, ẹ má dè é. Àìsàn ni, kì í ṣe ìwà.